Ẹni Tó Yára Ni Kó Kọ́kọ́ Kí

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọlọ́kadà àtàwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ sọ ní Àjàsẹ́-Ìpo nìyí. Àwọn tí ò ráyè wá ní kí n gbé e síta, bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́.

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú àpéjọ, Ọlọ́run á jẹ́ ká máa rí ara wa lórí ire. Àsàláámù àléékúm o, ẹ̀yin ará wa nínú Olúwa náà, àlàáfíà fún gbogbo wa. Ẹ̀yin ọlọ́kadà, ẹ kú ewu ọ̀nà, ẹ kú oòrùn, ẹ kú eruku, mo mọ̀ pé owó lẹ fi sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó wá jókòó síbí lọ́sàn-án yìí. Ẹ̀yin ọmọ iléèwé tẹ́ ẹ gun kẹ̀kẹ́ yín wá láti Òró, ẹ káre láé. Ẹ̀yin bàbá àgbẹ̀, mo rí kẹ̀kẹ́ yín tẹ́ ẹ fi ti ara ògiri yẹn, òmíràn nínú wọn ju èmi alára lọ lọ́jọ́ orí. Kẹ̀kẹ́ tí mò ń wí látìbẹ̀rẹ̀ dópin, èyí tí wọ́n ń fẹsẹ̀ wà ni o, kì í ṣe Màrúwà. Ẹ̀yin Màrúwà, a máa ṣe ìpàdé tiyín lọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ tiyín pọ̀. [Ẹ̀rín]

Ìbéèrè kan ni mo gbé wá. Ọlọ́kadà ń bọ̀ láti Ìlọrin, bàbá kan ń gun kẹ̀kẹ́ ẹ̀ lọ sóko, wọ́n wá pàdé lápá Ìdọ́fìàn níbẹ̀ yẹn, ta ló yẹ kó kọ́kọ́ kí ẹnì kejì? [Àwọn èèyàn: Ọmọdé!] Mo gbọ́. Ọmọdé ló ń kí àgbà, bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn, kò sí àríyànjiyàn ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi, ẹni tó dé akoto, tó wọ jákẹ́ẹ̀tì, tó tún fi aṣọ bo imú torí eruku, báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọdé ni àbí àgbà? Kẹ́ ẹ tó wo ojú ẹ̀ dáadáa ó ti kọjá. Òfin ilé nìyẹn, ó dáa nílé, àmọ́ lójú títì a nílò òfin míì.

Òfin yẹn ti wà nílẹ̀ tipẹ́, kódà ẹ̀yin ará Ìlọrin ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́ wa. Ẹni tó bá ti jókòó nílé kéwú rí á ti gbọ́ hádíìsì yẹn, ọ̀rọ̀ Ànábì ni, ó wà nínú ìwé hádíìsì Bùhárì, ó wà nínú ti Muslim, pé ẹni tó ń gun nǹkan ni kó sálámà sẹ́ni tó ń fẹsẹ̀ rìn, ẹni tó ń rìn ni kó sálámà sẹ́ni tó jókòó, àwọn tó kéré níye ni kó sálámà sáwọn tó pọ̀. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa o. Wọn ò ní ẹni tó lówó, wọn ò ní ẹni tó lóyè. Ẹni tó ń gun nǹkan! Ẹ̀yin Kìrìsìtẹ́nì ẹ má bínú, mi ò wá ṣe wáàsí, àṣà tiwa náà ò jìnnà sí i, ṣebí ẹni tó ń bọ̀ ló ń kí ẹni tó bá nílé.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹni tó ń gun nǹkan? Èrò tèmi ni pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rù ni. Ẹlẹ́ṣin ló ga, òun ló lágbára, ẹni tó wà nílẹ̀ ò mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀, àfi tó bá la ẹnu tó kí i lọkàn onítọ̀hún á tó balẹ̀. Ìlọrin tí wọ́n ń kì pé ẹṣin leégún ilé wọn, ọ̀kọ̀ lorò ibẹ̀, ẹni tó bá ti dúró níwájú ààfin Ẹ́míà rí nígbà ọdún, táwọn ẹlẹ́ṣin ń já bọ̀ pẹ̀lú eruku, mọ bí ẹ̀rù yẹn ṣe ń rí nínú ikùn. Ẹṣin tiwa lóde òní ni máṣíìnì.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀, mi ò ní jẹ́ kó pẹ́. Ọlọ́kadà tó bá tẹ iná débi 60 lójú míítà ẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan péré ó ti rin mítà 16 ó lé. Bàbá tó ń wa kẹ̀kẹ́ ẹ̀ jẹ́jẹ́ ní 15, mítà 4 lásán ni tiẹ̀. Kí bàbá tó yí ọrùn pé kí ló ń dún lẹ́yìn òun, nǹkan tó ń dún ti dé. Ẹ tún fi ti ìwọ̀n kún un, kẹ̀kẹ́ lásán, ọwọ́ kan lèèyàn fi ń gbé e gun àtẹ̀gùn, máṣíìnì tiyín lé ní 100 kílò kí ẹnikẹ́ni tó gùn ún, ẹ wá lọ fi èrò mẹ́ta àti àpò gààrí sí i. Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ ń ṣe físíìsì, ẹ sọ fún wọn, téèyàn bá kúrò ní 30 tó bọ́ sí 60, ṣé ìlọ́po méjì ni agbára tó máa fi kọlu nǹkan? [Ọmọ kan: Mẹ́rin!] Mẹ́rin. Ẹ gbọ́ lẹ́nu ọmọ yín.

Nítorí náà òfin tèmi ò le: ẹni tó yára ni kó kọ́kọ́ kí. Ọkọ̀ kí ọ̀kadà, ọ̀kadà kí kẹ̀kẹ́, kẹ̀kẹ́ kí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Ó yára, ó kọ́kọ́ kí. Mo tún máa sọ ọ́ kí n tó jókòó, ẹ má jẹ́ kó sú yín.

Ẹ jẹ́ n wá bọ́ sórí bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn lójú títì, torí ibẹ̀ gan-an ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ìkíni ló ń tẹnu jáde. Ẹ́ńjìnì ń pariwo, atẹ́gùn ń fẹ́, ẹ máa ní "ẹ kú ìrìn o, bàbá," kí bàbá tó gbọ́ "ẹ kú" ẹ ti dé Gánmọ. Torí ẹ̀ lọ̀pọ̀ yín ṣe sọ họ́ọ̀nù di ẹnu. Bàbá kan wà lọ́nà Ìjàgbó, ó di iṣu sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ẹ̀, ó fi rọ́bà tí wọ́n gé lára tùúbù dì í mọ́ káríà, iṣu yọ lọ́tùn-ún yọ lósì. Ẹni tó bá ti gbé irú ẹrù yẹn rí mọ̀ pé iwájú kẹ̀kẹ́ á kàn fúyẹ́ ni, tó o bá yí orí díẹ̀ báyìí kẹ̀kẹ́ á tẹ̀lé orí ẹ lọ. Ọmọkùnrin kan gun ọ̀kadà dé ẹ̀yìn ẹ̀, ó dé ìdí etí bàbá tán kó tó tẹ họ́ọ̀nù, họ́ọ̀nù tó yẹ kó wà lára tírélà ló lọ so mọ́ máṣíìnì o, pàààmù! Bàbá ta gìrì, kẹ̀kẹ́ yà wọ inú yanrìn, iṣu fọ́n ká títì. Kò farapa, àánú Ọlọ́run ni. Ọmọ yẹn dúró, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń bá bàbá ṣa iṣu, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ní "Bàbá, ẹ dákun, mo ní kí n jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé mò ń bọ̀ ni." Bàbá gbé iṣu kan dání, ó wò ó látòkè délẹ̀, ó ní "O jẹ́ kí n mọ̀ lóòótọ́." [Ẹ̀rín]

Ohùn tútù ní ń yọ obì lápò, ohùn líle ní ń yọ ọfà lápó. Òkèèrè ni wọ́n ti ń tẹ họ́ọ̀nù fún ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́, nígbà tó o ṣì jìnnà sí i, pín-pín, lẹ́ẹ̀mejì kékeré, o ti kí i nìyẹn, ó ti mọ̀. Tó o bá ti wá dé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ tán, yọ ọwọ́ kúrò lórí họ́ọ̀nù, ilẹ̀kùn ti ṣí, kí lo tún ń kàn?

Họ́ọ̀nù nìkan kọ́, àyè náà ìkíni ni. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra, àmọ́ títì wa ò tó ojú ọ̀run, ìyẹn lẹ ṣe gbọ́dọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ fi àyè sílẹ̀. Ní Faransé wọ́n fi í sófin, tọ́kọ̀ àbí máṣíìnì bá fẹ́ kọjá lára kẹ̀kẹ́ ó gbọ́dọ̀ fi mítà 1 sílẹ̀ nínú ìlú, mítà 1 àtààbọ̀ tí wọ́n bá ti jáde nílùú. Jámánì lé tiwọn sókè ní 2020, 1 àtààbọ̀ nínú ìlú, 2 lẹ́yìn ìlú. Kò sẹ́ni tó máa gbé tépù wá sọ́nà Òmù-Àrán láti wọ̀n ọ́n, mo mọ̀, àmọ́ ẹ fojú inú wò ó: tẹ́ni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ bá ṣàdédé na apá ẹ̀ síta, ṣé á gbá ọ létí? Tó bá lè gbá ọ létí, o ti sún mọ́ ọn jù.

Àwọn kan nínú ẹ̀yin ọlọ́kadà á ní kí ló ń ṣe àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe kọ́lọkọ̀lọ, kí ló dé tí wọn ò lè tẹ̀lé ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí máṣíìnì lọ́jọ́ kan kẹ́ ẹ wo etí ọ̀dà. Àgbàrá ti jẹ ẹ́ wọlé, ibì kan wà tí etí ọ̀dà fi ga ju ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lọ tó ọwọ́ kan gbáko. Táyà máṣíìnì nípọn, ó lè já sísàlẹ̀ kó tún gun òkè padà. Táyà kẹ̀kẹ́ tínrín, tó bá ti já síbẹ̀, tónítọ̀hún fẹ́ gùn ún padà sórí ọ̀dà ní ìdábùú, etí ọ̀dà á kọ̀ ọ́, á gbé e ṣubú sójú títì níwájú yín gan-an. Ohun tó fi ń wá àárín nìyẹn. Kì í ṣe agídí.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí kí n tó gbàgbé. Ní Faransé kan náà, táwọn tó ń gun máṣíìnì ńlá bá fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó yà fún wọn, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni wọ́n ń nà síta. Ẹsẹ̀! Torí pé ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń yí iná tó ń mú máṣíìnì sáré, òun náà ni wọ́n fi ń mú bíréèkì iwájú, wọn ò lè yọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ìyẹn dé Àjàsẹ́ o, ẹ na ẹsẹ̀ sí bàbá kan níbí kẹ́ ẹ wo ohun tójú yín máa rí. [Ẹ̀rín] Ṣùgbọ́n wàhálà tiwọn ni tiwa náà, àní tiwa tún le jù. Ọwọ́ ọ̀tún wà lórí iná, òsì ló kù, ta ló ń fọwọ́ òsì kí àgbà nílẹ̀ yìí? Ohun tí mo rí pé ó dáa jù ni orí. Rọra dín eré kù, tẹrí ba díẹ̀, ó tán. Akoto gan-an á jẹ́ kó hàn dáadáa. Ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ náà kó tẹrí padà, kó má yọ ọwọ́ lórí kòtò.

Ó yá, ẹ̀yin tó ń gun kẹ̀kẹ́, ó kàn yín. Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín àwọn ọlọ́kadà látàárọ̀.

Ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà kúrò lọ́wọ́ òsì bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún lójú títì. Ó ti pẹ́, àbí? Ó ti pẹ́ gan-an! Síbẹ̀ mo ṣì ń ráwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ kọjú sí ọkọ̀, wọ́n ní káwọn lè máa rí ohun tó ń bọ̀. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ni wọ́n ní kó máa kọjú sí ọkọ̀, òun lè fò sínú koríko. Ìwọ tó o wà lórí kẹ̀kẹ́, eré tìẹ àti eré ẹni tó ń bọ̀ ló ń pàdé ara wọn, kò sẹ́ni tó máa ráyè ṣe ohunkóhun nínú yín. Ọ̀tún ni, ọ̀tún náà ni.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yà, ẹ na ọwọ́ kẹ́ ẹ tó yà. Ọlọ́kadà ní iná tó ń ṣẹ́jú, ẹ̀yin ò ní, ọwọ́ yín ni iná yín. Ẹ wo ẹ̀yìn ná, ẹ na ọwọ́ gbọọrọ, kẹ́ ẹ tó wá yà. Àti pé tẹ́ ẹ bá ń yà sósì, ọwọ́ òsì lẹ máa nà, kò sí àrífín ńbẹ̀, ẹ̀yin àgbà ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú sọ́mọ tó bá nawọ́ òsì lójú títì, kì í ṣe ẹ̀yin ló ń nà án sí.

Èyí tí mo kórìíra jù rèé. Ẹ̀yin ọmọ iléèwé, tẹ́ ẹ bá dé òkè tó ti rẹ̀ yín, ẹ ó wá di ẹ̀yìn ọ̀kadà mú kó máa wọ́ yín lọ. Mo mọ̀ pé ó dùn, ọ̀rẹ́ yín ni ọlọ́kadà, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Ó wá rí kòtò níwájú, ó yà á, ìwọ tó o wà lẹ́yìn ò rí kòtò, ẹ̀yìn ẹ̀ lò ń wò. Wọn kì í dì í mú. Ẹ̀yin ọlọ́kadà, ẹ má gbà fún wọn, tí wọ́n bá dì yín mú ẹ dín eré kù títí wọ́n á fi jáwọ́, ẹ má ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré kẹ́ ẹ fi já wọn dànù.

Ti alẹ́ ò gùn. Kẹ̀kẹ́ tí ò níná lálẹ́, kò yàtọ̀ sí òkùnkùn fúnra ẹ̀, ẹ lẹ nǹkan tó ń dán mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí eruku ń bo gbogbo nǹkan. Ọlọ́kadà náà, dìímù iná ẹ jàre. Fúùlù tó o tàn sí i lójú, o ti fọ́ ọ lójú kó tó dé ibi kòtò.

Kókó mi tó kẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ àánú ojú ọ̀nà, ó sì wù mí ju gbogbo èyí tí mo ti sọ lọ.

Mọ̀lẹ́bí ni kẹ̀kẹ́ àti máṣíìnì, a kàn ń gbàgbé ni. Nígbà tí Daimler, ará Jámánì yẹn, kọ́kọ́ gbé ẹ́ńjìnì bẹntiróò kan sórí táyà ní 1885, igi ni wọ́n fi ṣe é, bíi kẹ̀kẹ́ ló rí. Honda tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ orúkọ ẹ̀ yẹn, lẹ́yìn tí ogun parí ní Japan, ní 1946, ẹ́ńjìnì kéékèèké táwọn ṣọ́jà ń lò tẹ́lẹ̀ ló rà, tó ń so ó mọ́ kẹ̀kẹ́ lásán fáwọn tí ò rówó ra ọkọ̀. Kẹ̀kẹ́ làgbà, máṣíìnì làbúrò tó rówó. Àwọn méjèèjì ló jẹ́ pé tí wọ́n bá ṣubú, ara èèyàn ló ń kan ilẹ̀, kò sí páànù tó máa gbà á sílẹ̀.

Mò ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti Ìlọrin lọ́jọ́ kan, mo ti kọjá Àmọ́yọ̀, táyà ẹ̀yìn kàn jò fẹ̀ẹ̀ẹ̀. Oòrùn wà lókè. Ọ̀kadà kan ti kọjá mi tẹ́lẹ̀, ó tẹrí, èmi náà tẹrí. Mo wá rí i tó yí padà. Èrò wà lẹ́yìn ẹ̀ o, ìyá kan tó gbé adìyẹ méjì dání, ó ní "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ìṣẹ́jú díẹ̀," ìyá náà ní kó kàn má jẹ́ kí adìyẹ òun kú sínú oòrùn ni. Ọ̀gbẹ́ni yìí fa tùúbù mi jáde, ó ra píọ̀ wọ́tà méjì lọ́wọ́ ọmọ tó ń kiri, ó bọ́ akoto ẹ̀, ó dojú ẹ̀ sókè, ó tú omi sínú ẹ̀. Fóòmù inú akoto yẹn ti já dànù tipẹ́, ó kù bí igbá. Ó ń ki tùúbù bọ inú omi níbùú níbùú, ó ń wo ibi tí omi á ti máa hó, ó rí i, ẹ̀gún kékeré báyìí. Ó fi pépà gbo ojú ẹ̀, ó fi súlúṣọ̀n pa á, ó fẹ́ ẹ lẹ́nu, ó lẹ páàṣì, ó gun un mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gìgísẹ̀. Páńpù tó ń lò fún máṣíìnì ẹ̀ bá kẹ̀kẹ́ mi mu, torí ẹnu fáàfù kan náà ni ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tuntun àti máṣíìnì ń lò. Ti ẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ ní kẹ̀kẹ́ àtijọ́ yàtọ̀ o, ẹnu tiyín kéré, ẹ máa mú páńpù tiyín dání.

Mo fẹ́ fún un lówó, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n máa lọ, ẹ ò rí adìyẹ?" Ó gbọn omi kúrò nínú akoto, ó dé e padà pẹ̀lú omi tó ń kán sí i lọ́rùn, ó lọ. Tẹ́ ẹ bá rántí, ní 2009 táwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ní dandan kí ọlọ́kadà dé akoto, àwọn kan lápá òkè lọ́hùn-ún dé igbá lásán láti fi tan wọ́n. Ọ̀gbẹ́ni tiwa fi akoto ṣe igbá, ìyẹn náà ò dáa fún orí ẹ̀, mo sọ fún un, fóòmù yẹn ló ń gba èèyàn là. Ó ní òun gbọ́.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Kẹ̀kẹ́ náà ń ran ọ̀kadà lọ́wọ́. Bẹntiróò tán fún ọlọ́kadà lójú ọ̀nà oko, ta ló ń bá a gbé gálọ́ọ̀nù lọ sí jọ́ńṣọ̀n? Ọmọ tó ń gun kẹ̀kẹ́ ni. Ta ló ń rìn jẹ́jẹ́ débi pé ó ń rí gbogbo kòtò tuntun àti ẹ̀ka igi tó wó? Òun náà ni. Tó bá rí i kó gbé e kúrò lọ́nà, kó sọ fẹ́ni tó ń bọ̀. Hádíìsì míì tiẹ̀ ní ẹ̀ka tó kéré jù lára ìgbàgbọ́ ni kéèyàn mú ohun tó lè ṣeni lése kúrò lójú ọ̀nà. Ẹ̀ka tó kéré jù o.

[Ọlọ́kadà kan gbé ọwọ́ sókè, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yín dáa, ṣùgbọ́n ayé ti yí padà. Tí mo bá dúró fẹ́ni tí mi ò mọ̀ nínú igbó, tó bá jẹ́ ajínigbé ńkọ́?"]

Ẹ ṣé, ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ bi mí gan-an nìyẹn, mi ò ní fi ẹnu dídùn tàn yín. Ọ̀nà wa ní gúúsù Kwara yìí ò rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀, gbogbo wa la mọ̀. Kíkí ò ní kẹ́ ẹ dúró. Tílẹ̀ bá ti ń ṣú, tíbẹ̀ dá, tí ara yín ò gbà á, ẹ tẹrí, ẹ kọjá, ẹ máa bá tiyín lọ, kò sẹ́ni tó máa bi yín. Tẹ́ ẹ bá wá dé abúlé tó wà níwájú, ẹ dúró lọ́dọ̀ fọ̀gánáísà àbí àwọn fijilanté, ẹ ní ẹnì kan wà lẹ́yìn tí kẹ̀kẹ́ ẹ̀ bà jẹ́, báyìí báyìí ni aṣọ ẹ̀ rí. Àwọn méjì mẹ́ta á jọ lọ wò ó. Ẹ̀yin tó ń gun kẹ̀kẹ́ náà, tí kẹ̀kẹ́ yín bá bà jẹ́, ẹ má wọ inú igbó lọ jókòó sábẹ́ igi, ẹ dúró síta gbangba, ẹ da kẹ̀kẹ́ délẹ̀ kẹ́ ẹ gbé táyà sókè, kí ẹni tó ń bọ̀ lè ti òkèèrè rí ohun tó ṣe yín, kó ráyè ro ó wò. Tó bá kọjá láì dúró, ẹ má ṣépè fún un.

[Ọ̀gbẹ́ni náà: "Ìyẹn yé mi."]

Ó dáa. Mo ní mo máa tún un sọ, ta ló ń kọ́kọ́ kí? [Gbogbo èèyàn: Ẹni tó yára!] Ẹ ṣé púpọ̀. Àwọn fọ̀gánáísà méjì wà lábẹ́ igi máńgòrò lọ́hùn-ún, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fẹ́ táyà lónìí, kẹ̀kẹ́ o, máṣíìnì o, ẹ tò, ẹ má ti ara yín. Ẹ̀yin bàbá tí ẹnu fáàfù yín kéré, ẹ bá mi nìdí káríà kẹ̀kẹ́ mi, páńpù tiyín wà ńbẹ̀.